Bí Ìyá Àgbà Wa Ṣe Wọ Inú Eré Ṣọlá

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé Lọ́kọ́jà, mo rò pé òkun wà nítòsí. Bí èèyàn méjì bá pàdé láàárọ̀, ọ̀kan á ní, "Òkun o," èkejì á ní, "Òkun." Mo wò yíká, n kò rí òkun. Odò ni mo rí, Ọya àti Bẹ́núè, tí wọ́n jọ ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí àwọ̀ ọ̀kan kò jọ ti èkejì. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ẹnì kan tó là mí lọ́yẹ̀ pé ìkíni ni, pé bí àwọn Yàgbà, Bùnú, Òwé, Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ṣe ń kí ara wọn nìyẹn, òun náà ló sì di orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè wọ́n.

Yorùbá ni èmi náà. Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n ti bí mi, ní ìhà kejì ẹnubodè, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Faransé kọ́ ọmọ níwèé. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ìyá mi fi tọ́ mi. Nígbà tí mò ń kúrò nílé, ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú ni pé èdè wa ni wọ́n ń sọ níbi tí mò ń lọ, pé kò ní yàtọ̀ sí kéèyàn lọ kí ẹbí. Àṣé mo kàn ń tan ara mi jẹ ni. Bí mo bá la ẹnu, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n tún un sọ. Obìnrin tó ń ta ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ wa ní àdúgbò Gánájà gbọ́ mi yékéyéké, síbẹ̀ á yíjú sí ẹlòmíràn, á ní, "Kí ni Kòtónù yìí ń wí?" Kòtónù ni wọ́n sọ mí lórúkọ. N kò gbé Kòtónù rí ní ayé mi.

Iṣẹ́ táìlì ni mò ń ṣe. Ilé pọ̀ tí wọ́n ń kọ́ ní Gánájà, wọ́n sì gbà pé ọwọ́ àwa tí a ti ìhà kejì ẹnubodè wá dára sí táìlì. Ọ̀gá Sùlé, ọmọ Ebira, ló gbà mí síṣẹ́. Á sọ Ebira sí àwọn ọmọ iṣẹ́, á sọ Háúsá sí ẹni tó gbé yanrìn wá, á sọ Píjìn sí onílé, tó bá wá kan èmi, á rọra máa sọ Yorùbá ní kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ń ṣẹ̀fẹ̀ níbi oúnjẹ ọ̀sán, ó máa ń jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín tán ni mo máa mọ ohun tí wọ́n sọ. Mo kọ́ bí èèyàn ṣe ń bá wọn rẹ́rìn-ín láìgbọ́.

Síbẹ̀ mo ní ọjọ́ tó dára. Ní àdúgbò Karaworo, mo tẹ́ táìlì sí pálọ̀ ilé kan fún ìyá arúgbó kan. Nígbà tí ó wọlé wá wò ó, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí rẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Lọ́jọ́ yẹn mo pe ìyá mi, mo ròyìn ẹsẹ̀ obìnrin náà fún un bí ẹni ń ròyìn ìwúyè.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni ọmọ mi wà. Ràmátù ni orúkọ rẹ̀, Ràmá là ń pè é. Ìyá rẹ̀ ti lọ fẹ́ ẹlòmíràn ní Pàràkú. Nígbà tí mo kúrò nílé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ògiri mú rìn ni. Mo ní n ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, n ó padà. Ó ti ń lọ sílé ìwé báyìí.

Ọ̀sán gangan kan ni ẹ̀rọ tí a fi ń gé táìlì ta mọ́ mi lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Wọ́n rán an nílé ìwòsàn, ojú ọgbẹ́ sì jiná, ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta kò ká mọ́. Ọ̀gá Sùlé wá kí mi, ó gbé búrẹ́dì àti mílíìkì wá, ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ó gba ẹlòmíràn síṣẹ́. N kò bínú sí i. Ilé kì í dúró de ọwọ́ ẹnì kan.

Ẹni tí kò bá tíì rí i kò lè mọ bí nǹkan kékeré ṣe ń wọ́ èèyàn nílẹ̀. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń jẹun, nítorí náà mo máa ń ti ilẹ̀kùn kí n tó jẹun, kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi. N kò lè di bọ́tìnnì. N kò lè fún aṣọ tí mo bá fọ̀. Láàárọ̀ mo máa ń wọ aṣọ iṣẹ́ bíi tẹ́lẹ̀, n ó jáde, n ó rìn títí dé oríta Paparanda, n ó jókòó síbi tí ibòji bá wà, n ó máa wo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọjá pẹ̀lú àpò wọn. Mi ò pe ilé mọ́. Tí ìyá mi bá pè, n ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Ooru ìlú yẹn á mú mi bí ẹni wọ́n dì mọ́nú aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi gbígbóná.

Ọjọ́ kan wà tí mo rìn dé etí odò, mo sì dúró níbẹ̀ pẹ́. Apẹja kan tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi ní Nupé, ó tún béèrè ní Háúsá, ó wá fi Yorùbá díẹ̀ tó gbọ́ béèrè pé, "Kí lẹ ń wá?" Mo ṣì ń wo omi. Ó fi àwọ̀n sílẹ̀, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò lọ títí mo fi yí padà sí ọ̀nà.

Ilé tí mò ń gbé ní Gánájà, yàrá ẹ̀yìn ni mo háyà níbẹ̀. Ṣọlá, ọmọ onílé, ló ń gbé iwájú. Ọmọ Yàgbà ni, òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀dọ́kùnrin oníwà pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn tí mo ṣèṣe, òun ló sọ fún bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n fi mí sílẹ̀ ná. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń wá, n ó sì máa gbọ́ tí wọ́n ń pariwo ní pálọ̀, "Mo fi idà ṣá a!" "Ju dáìsì ẹ!" Mo rò pé lúdò ni.

Lọ́jọ́ kan, ìyá mi pè nígbà tí mò ń sá aṣọ, mi ò sì rí irọ́ pa. A sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní ẹ̀ka èdè wa. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, mo rí Ṣọlá lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mò ń gbọ́ yín. Yorùbá ibo nìyẹn?"

"Ṣábẹ̀ẹ́."

"Báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?"

Látìgbà tí mo ti dé Lọ́kọ́jà, ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí ní ìbéèrè yẹn nìyẹn. Mo ní àwọn òkúta ńlá ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ga ju Òkè Pàtí yìí lọ lójú mi, pé ìsàlẹ̀ wọn ni ìlú wà, pé nígbà ogun Dàhọ̀mì, orí wọn àti inú ihò wọn ni àwọn baba wa sá sí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí n máa bá a lọ.

Ó wá ṣàlàyé eré wọn fún mi. Ẹnì kan ni á máa darí ìtàn. Olúkúlùkù àwọn yòókù á mú èèyàn kan nínú ìtàn náà, á máa sọ ohun tí ẹni náà ń ṣe, dáìsì ni á sì pinnu bóyá ó ṣeé ṣe tàbí kò ṣeé ṣe. Àwọn tó ń ṣe ìwé irú eré bẹ́ẹ̀ lókè òkun ti lo ilẹ̀ oníyìnyín àti ilé olódi títí ó ti sú àwọn èèyàn. Ohun tí wọ́n ń wá báyìí ni ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ṣeré. Òun ti bá àwọn kan sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí òun kọ ọ̀kan wá.

Mo ní, "Kí ló dé tí o kò fi ilẹ̀ Yàgbà ṣe é? Ta ló mọ Yàgbà?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Òótọ́ ni. Nígbà tí mo wà níléèwé l'Ékòó, wọ́n ní Háúsá ni mí. Ṣùgbọ́n tèmi sún mọ́ mi jù, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ bí mo ṣe lè fi bàbá mi ṣeré."

N kò ka ọ̀rọ̀ yẹn sí nǹkan kan nígbà yẹn. Inú mi ń dùn.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ilé. Mo bi ìyá mi ní gbogbo ohun tí n kò bi í nígbà tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: irú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ nínú ihò òkúta, bí wọ́n ṣe ń rí omi, ta ló ń ṣọ́nà. Ẹsẹ̀ ń wú u, èémí rẹ̀ ò sì délẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá bọ́ sẹ́nu ìtàn, ohùn rẹ̀ á le. Ó ní, "Ta lẹni tó fẹ́ mọ gbogbo èyí?" Mo ní àwọn èèyàn kan tó ń ṣe ìwé ni. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ní ọjọ́ kan, láìjẹ́ pé mo bi í, ó sọ eléyìí fún mi. Ìyá tó bí ìyá àgbà rẹ̀ wà lára àwọn tó sá wọ ihò lọ́jọ́ tí ogun dé. Ihò náà kún fún èèyàn. Ó gbé ọmọ ọwọ́ dání. Àwọn ọmọ ogun ń kọjá lókè, ẹsẹ̀ wọn ń dún lórí òkúta, ọmọ náà sì fẹ́ sunkún. Ó fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Nígbà tí ẹsẹ̀ lọ tán, tó ṣí ọwọ́ rẹ̀, ọmọ kò mí mọ́.

Ìyá mi ní, "Gbogbo ìlú jáde láàyè. Kò sì sí ẹni tó lè wo ojú rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀ o. Wọn ò kàn lè wò ó. Ó kọ́lé sí ìpẹ̀kun ìlú, ibẹ̀ ló ti bí ìyá àgbà mi. Àwa la jẹ́ ọmọ rẹ̀."

N kò gbọ́ ọ rí láti kékeré mi. Mo bi í bóyá kí n sọ ọ́ fún wọn. Ó ní, "Sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tó ti dá wà."

Mo sọ ọ́ fún Ṣọlá. Nígbà tí mo parí, ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, kò kọ ohunkóhun lọ́jọ́ yẹn.

Ní Sátidé kan, wọ́n ní kí n wá bá wọn ṣe é. Àwa mẹ́ta la jókòó yí tábìlì ká: èmi, Ṣọlá, àti Ojoma, nọ́ọ̀sì ọmọ Igala kan tó gbọ́ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ. Àwọn yòókù kò wá lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni obìnrin inú ihò. Ṣọlá ń darí, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń bọ̀. Ojoma ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ihò.

Ṣọlá ní, "Ọmọ náà jí. Ẹ ju dáìsì, Ẹ̀gbọ́n."

Mo fi ọwọ́ òsì jù ú. Kò dára.

Ojoma ní, "Ẹ tètè bo ẹnu rẹ̀." Ó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ nǹkan nínú eré, ó ń na ọwọ́ sí ẹ̀pà. Lẹ́yìn náà ó wo ojú mi, ó fi ẹ̀pà sílẹ̀.

Mo ní, "Mo bò ó."

Ẹnikẹ́ni kò ju dáìsì mọ́. Nígbà tó yá, Ojoma ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìyá yẹn lọ́jọ́ kejì?" Mo sọ ọ́ fún wọn. Ṣọlá ní ibẹ̀ gan-an ni eré náà yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ kejì, kí gbogbo ẹni tó ń ṣeré máa wá bí wọn yóò ṣe wo ojú obìnrin kan. Ojoma wá mú ọwọ́ ọ̀tún mi, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ta ló rán èyí, tí kò sọ fún yín pé kí ẹ máa ká a?" Ó fún mi ní àkísà kan, ó ní kí n máa fi ọwọ́ náà fún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kódà bó bá ń dùn mí.

Lọ́jọ́ yẹn n kò ti ilẹ̀kùn kí n tó jẹun.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ ibi tí mo ti ṣubú. N kì í ṣe òmùgọ̀. Mo mọ̀ pé tábìlì pálọ̀ kan ni. Ṣùgbọ́n fún ìwọ̀nba oṣù yẹn, ibì kan wà ní Lọ́kọ́jà tí mo ti jẹ́ ọmọ ibì kan. Èèyàn lè wà láàárín àwọn tó gbọ́ èdè rẹ̀ kó sì dá wà, ó sì lè jókòó ti ọmọ Igala kan kó rí i pé òun ti délé. N kò mọ ìdí rẹ̀ títí dòní.

Ìwé eré náà jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. N kò gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́nu Ṣọlá. Mo kàn ṣàkíyèsí pé kò jáde sí àgbàlá mọ́, pé bí mo bá kí i, á ní òun ń yára lọ síbi iṣẹ́. Ojoma ló wá bá mi ní yàrá. Ó jókòó lórí àga kan ṣoṣo tí mo ní.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kì í ka Gẹ̀ẹ́sì, àbí?"

"Díẹ̀díẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín. Kó má jẹ́ pé òde lẹ ti máa gbọ́ ọ."

Ó ń kà á lórí fóònù, ó ń túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti yí orúkọ ìlú wa padà. Wọ́n ti gbé àwọn òkúta wa lọ sí erékùṣù kan láàárín òkun. Àwọn baba wa wà níbẹ̀, wọ́n kun ojú wọn, wọn kì í sọ̀rọ̀. Obìnrin inú ihò náà wà níbẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di iwin tí kò lẹ́nu, tó ń fún ọmọ àwọn arìnrìn-àjò lọ́rùn pa. Ẹni tó bá fẹ́ gba inú ihò kọjá gbọ́dọ̀ pa á. Ẹni tó bá pa á á rí ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ̀wọ̀n yẹn á sì máa ràn án lọ́wọ́ nínú ìjà mìíràn. Orúkọ mi wà ní ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Wọ́n ṣì í kọ.

Ojoma kà á dópin. Kò bẹ̀ mí kí n má bínú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn.

Nígbà tí Ṣọlá ti ibi iṣẹ́ dé, mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò díbọ́n.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo bá wọn jà. Wọ́n ní bí mo ṣe kọ ọ́ bani nínú jẹ́ jù, pé àwọn tó ń ṣeré ń fẹ́ nǹkan tí wọ́n lè bá jà."

"Nǹkan tí wọ́n lè pa."

"Mo ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kí n tó rí àyípadà náà. Àwọn ló ni í báyìí. Mi ò ní agbára kankan lórí rẹ̀."

Mo ní, "Ṣọlá, ìwọ lo sọ fún mi pé tìẹ sún mọ́ ọ jù. Pé o kò lè fi bàbá rẹ ṣeré. Tèmi ńkọ́? Ibo lo rò pé tèmi wà?"

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú àpò iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Mo fẹ́ kó bú mi, kí n lè rí ọ̀nà bú u. Ilé bàbá rẹ̀ ni mò ń sùn. N kò ní ibòmíràn tí mo lè kó ẹrù lọ, n kò sì ní ọwọ́ tí n ó fi kó o. Mo padà sí yàrá mi.

Ìyá mi pè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti ń béèrè láti ọjọ́ yìí wá bóyá ìwé ti dé. Mo rò pé kí n purọ́. Mo rí i pé irọ́ ti tán lára mi.

Mo sọ ọ́ fún un bí Ojoma ṣe kà á. N kò yọ ohunkóhun kúrò. Ó gbọ́ ọ dópin, mo sì ń gbọ́ èémí rẹ̀ tó ń há.

Ó ní, "Wọ́n ní ó ń pa ọmọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Wọ́n sì ń pa á?"

"Bí dáìsì bá gbà fún wọn."

Mo ní, "Ìyá, ẹ dárí jì mí." Ó ní, "Kì í ṣe wọn ni mo sọ ọ́ fún. Ìwọ ni mo sọ ọ́ fún. Mo gbọ́ ohùn rẹ látìgbà tó ti yí padà. Mo ní kí n fún ọ ní èyí tó burú jù nínú ohun tí mo ní, bóyá ìwọ náà á lè fún mi ní tìẹ. O kò fún mi. Kí ló ṣe ọ́ níbẹ̀ yẹn?"

Mo sọ fún un.

"Ọwọ́ wo?"

"Ọ̀tún."

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí ó ń pe ẹnì kan nínú ilé, ó ní, "Wá, wá kí i." Ohùn kékeré kan bọ́ sórí fóònù, ó fi Faransé ilé ìwé kí mi: "Bọ̀ǹsúà, mùsíọ̀."

Ẹ káalẹ́, ọ̀gbẹ́ni, ni ó ń wí, bí wọ́n ṣe ń kí àlejò. Ràmá ni. N kì í béèrè rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí mo bá pè, nítorí ó máa ń kọ̀ láti sọ̀rọ̀, ìyẹn sì máa ń dùn mí.

Mo ní, "Èmi ni bàbá rẹ."

Ó ronú sí i. "Níbo lẹ wà?"

"Lọ́kọ́jà."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

Mo sọ àwọn odò méjì fún un. Mo sọ kẹ̀kẹ́ tó kún ọ̀nà Gánájà, ooru, Òkè Pàtí, àwọn apẹja, bí èèyàn kan ṣoṣo ṣe lè sọ èdè mẹ́rin kó tó jẹun ọ̀sán. Ó ń gbọ́. Ó ní, "Ṣé wọ́n mọ̀ yín níbẹ̀?"

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Rárá, Ràmá."

"Ẹ máa bọ̀ níbí nígbà náà. Èmi á mọ̀ yín."

Mo ṣì wà ní Lọ́kọ́jà. Ìka kan ti ń ká díẹ̀. Ọ̀gá Sùlé ti fún mi ní iṣẹ́ fífi sìmẹ́ǹtì funfun dí àárín táìlì, èyí tí ọwọ́ òsì lè ṣe, owó rẹ̀ kò sì tíì tó ohun tí èèyàn lè gbé padà sílé. Èémí ìyá mi kò tíì dẹ̀. Ṣọlá ń kí mi, mò ń dá a lóhùn, ìkíni nìkan ló kù láàárín wa. Ìwé náà ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń tà á. Bí mo bá pe ilé báyìí, Ràmá ni ó ń kọ́kọ́ gbé fóònù. Kò pè mí ní mùsíọ̀ mọ́. Kò sì tíì pè mí ní bàbá. Ó máa ń dákẹ́ díẹ̀ níbi tí orúkọ yẹ kó wà, a ó sì máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ.